Òkè, Ojú Ọ̀run àti Fọ́tò Dúdú-òun-funfun

Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹrin ọdún 1927, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 25 kan gbé kámẹ́rà kọ́ ẹ̀yìn, ó ń gun òkè lọ ní Yosemite, ní ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ansel Adams lorúkọ rẹ̀. Ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀ wúwo tó nǹkan bí ogójì pọ́n-ùn: kámẹ́rà onígi, lẹ́ńsì, fíltà, àti dígí méjìlá tí wọ́n fi oògùn fọ́tò kùn lójú. Dígí kan, fọ́tò kan. Bí méjìlá bá tán, iṣẹ́ ọjọ́ náà parí nìyẹn. Virginia Best, tó wá di ìyàwó rẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wà lára àwọn tó bá a lọ. Yìnyín ṣì bo ilẹ̀ káàkiri. Ibi tí wọ́n ń lọ ni etí òkúta kan tí wọ́n ń pè ní Diving Board, níbi tí èèyàn ti lè dúró kó dojú kọ Half Dome, òkúta gbàǹgbà tí orí rẹ̀ fi ju ẹsẹ̀ bàtà 8,800 ga ju ìtẹ́jú òkun lọ, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan sì nàró gbọnrangandan.

Nígbà tí wọ́n fi máa débẹ̀, dígí méjì péré ló kù. Ó ti lo àwọn yòókù lójú ọ̀nà, àwọn kan sì ti bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Òkúta náà ṣì wà nínú òjìji, kò sì sí ohun tí wọ́n lè ṣe ju kí wọ́n dúró. Oòrùn rọra yí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bà lé ojú òkúta náà láti ẹ̀gbẹ́. Ní nǹkan bí aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán, Adams fi fíltà yẹ́lò sójú lẹ́ńsì, ó ya fọ́tò kan. Bó ṣe yà á tán ló mọ̀ pé kò ní rí bí òun ṣe fẹ́. Ojú ọ̀run á di eérú lásán, òkúta tó ń dẹ́rù bà á níbi tó dúró sí á sì dà bí òkúta èyíkéyìí. Ó yọ fíltà yẹ́lò kúrò, ó fi pupa tó ki gan-an rọ́pò rẹ̀, ó sì jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún gbáko. Dígí tó gbẹ̀yìn nìyẹn.

Fọ́tò tó jáde nínú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Monolith, the Face of Half Dome. Ojú ọ̀run inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú kirikiri, yìnyín ẹsẹ̀ òkè funfun gbòò, ojú òkúta náà ló sì gba èyí tó pọ̀ jù nínú àwòrán.

Kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà tó rí ojú ọ̀run dúdú. Ọ̀sán gangan ni, búlúù ni wọ́n rí. Adams ló pinnu pé kó dúdú, ó sì ti pinnu rẹ̀ kó tó fọwọ́ kan kámẹ́rà lẹ́ẹ̀kejì. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ yìí ti yàtọ̀ sí fọ́tò aláwọ̀. Nínú fọ́tò aláwọ̀, ewé ní àwọ̀ tí gbogbo èèyàn mọ̀ mọ́ ọn, òfuurufú náà ní tirẹ̀. Nínú fọ́tò dúdú-òun-funfun, ayafọ́tò ló ń sọ bí ewé ṣe máa dúdú tó àti bí òfuurufú ṣe máa mọ́lẹ̀ tó. Nítorí náà, yíyan ibi tí èèyàn máa dúró sí àti wíwọn ìmọ́lẹ̀ tó máa wọ inú kámẹ́rà, tí àwọn ìwé ìkọ́ṣẹ́ máa ń pín sí orí méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìpinnu kan ṣoṣo ni wọ́n.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ò kà á sí bẹ́ẹ̀ mọ́, fóònù ló sì fà á. Bọ́tìnì kan wà nínú rẹ̀ tó ń yọ àwọ̀ kúrò lára fọ́tò tí a ti yà tán. Ẹni tó gun Olúmọ, tó ya Abẹ́òkúta láti òkè, tó wá tẹ bọ́tìnì náà, á rí i pé ìlú tó dùn-ún wò lójú ti di eérú lórí fóònù. Páànù tó dípẹtà dà pọ̀ mọ́ igi tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Èèyàn ò mọ ibi tí òrùlé parí sí tí ewé ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Àwọ̀ ni ojú wa fi ń ya páànù sọ́tọ̀ kúrò lára ewé: ọ̀kan pupa rúsúrúsú, èkejì tutù yọ̀yọ̀. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ara méjèèjì wá lè fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bí a bá yọ àwọ̀ kúrò, ohun tó yà wọ́n nípa ti lọ.

Iṣẹ́ fíltà nìyẹn. Fíltà kì í fi nǹkan kan kún ìmọ́lẹ̀. Ńṣe ló ń dínà. Èyí tó pupa ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ pupa kọjá, ó sì ń dá ti búlúù àti ti àwọ̀ ewé dúró. Ohun tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bá rọ́nà dé ara fíìmù á mọ́lẹ̀ lórí fọ́tò, èyí tí fíltà bá dí mọ́nà á dúdú. Bí ẹni tó wà lórí Olúmọ bá lo fíltà pupa, páànù tó dípẹtà á mọ́lẹ̀, títì tí wọn ò tíì da ọ̀dà sí, tó jẹ́ ilẹ̀ pupa, á fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun, igi á dúdú sẹ́yìn wọn, òfuurufú búlúù á ṣókùnkùn, ìkùukùu funfun á sì yọ gedegbe nínú rẹ̀. Bó bá lo fíltà aláwọ̀ ewé, ewé ló máa mọ́lẹ̀, páànù ló máa dúdú. Ìlú kan náà ni, wákàtí kan náà, àwòrán méjì tí kò jọra.

Owó orí tí fíltà ń gbà kò kéré. Ìmọ́lẹ̀ tó dí mọ́nà kò dé ara fíìmù, nítorí náà ayafọ́tò gbọ́dọ̀ fi kún iye tó ń jẹ́ kó wọlé. Fíltà yẹ́lò tí Adams kọ́kọ́ lò lórí òkè lọ́jọ́ náà ń béèrè ìlọ́po méjì. Pupa tó fi rọ́pò rẹ̀ ń béèrè ìlọ́po mẹ́rìndínlógún. Ó wà lára ìdí tí fọ́tò òkúta kan nínú oòrùn ọ̀sán fi gba ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún.

Kí èèyàn tó lè yan fíltà, fíìmù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí àwọ̀. Ní èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kì í rí i. Oògùn tí wọ́n ń kùn sára dígí nígbà náà kò mọ ju búlúù lọ, òfuurufú sì kún fún búlúù, nítorí náà bí wọ́n bá fún ilẹ̀ ní ìmọ́lẹ̀ tó tó o, òfuurufú á ti funfun báláú, láìsí ìkùukùu kan níbẹ̀. Gustave Le Gray, ọmọ ilẹ̀ Faransé, wá ọgbọ́n sí i nínú àwọn fọ́tò òkun tó yà láàárín 1856 sí 1857: nínú àwọn kan, ó ya omi sórí dígí kan, ó ya òfuurufú sórí òmíràn, ó sì tẹ méjèèjì sórí bébà kan ṣoṣo. Àwọn tó rí i nígbà náà ní Paris àti London kà á sí iṣẹ́ ìyanu. Ìgbà tó di 1906 ni iléeṣẹ́ Wratten & Wainwright ní Croydon, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé dígí tó ń rí gbogbo àwọ̀, títí kan pupa, sórí àtẹ. Irú dígí Wratten bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ẹrù Adams ní 1927. Ká ní ó gun òkè yẹn ní ọgbọ̀n ọdún ṣáájú, fíltà pupa ì bá dí gbogbo ìmọ́lẹ̀ tí dígí rẹ̀ lè rí, kò sì ní rí nǹkan kan gbé wálé.

Wíwọn ìmọ́lẹ̀ ló kù, ibẹ̀ ló sì ń dààmú ọ̀pọ̀ ayafọ́tò jù. Mítà inú kámẹ́rà kò mọ ohun tó ń wò. Wọ́n ti ṣe é kó gbà pé ohunkóhun tó wà níwájú rẹ̀, bí a bá pò ó pọ̀, àwọ̀ eérú ni, ìyẹn irú ohun tó ń dá nǹkan bí ìdá 18 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ tó bà lé e padà. Kọjú rẹ̀ sí yìnyín, á ní kí yìnyín di eérú. Kọjú rẹ̀ sí èédú, á ní kí èédú náà di eérú. Àwọn ayafọ́tò òde ìgbéyàwó nílẹ̀ wa mọ ìyà yìí dáadáa: ọkọ ìyàwó tó dúdú wọ agbádá funfun, kámẹ́rà rí funfun tó pọ̀, ó dín ìmọ́lẹ̀ kù, agbádá di eérú, ojú ọkọ ìyàwó sì wọgbó. Ẹni tó mọṣẹ́ á fi ìmọ́lẹ̀ kún un fúnra rẹ̀, kò ní dá mítà lóhùn.

Láàárín 1939 sí 1940, nígbà tí Adams ń kọ́ni ní Art Center School ní Los Angeles, òun àti ayafọ́tò ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Fred Archer, sọ ọgbọ́n yìí di ètò tí akẹ́kọ̀ọ́ lè dì mú. Wọ́n to dúdú títí dé funfun bí àtẹ̀gùn onípele mọ́kànlá, láti òdo títí dé mẹ́wàá. Òdo ni dúdú tí nǹkan kan ò hàn nínú rẹ̀. Mẹ́wàá ni funfun bébà lásán. Ìpele karùn-ún ni àwọ̀ eérú tí mítà ń rò pé gbogbo ayé jẹ́. Gbígun ìpele kan túmọ̀ sí ìlọ́po méjì ìmọ́lẹ̀, sísọ̀ ọ́ kalẹ̀ túmọ̀ sí ìdajì. Ní ìpele kẹta, òjìji ṣì ń fi ara igi hàn. Ní ìkeje, ohun tó mọ́lẹ̀ ṣì ní ìrísí, ojú lè rí ìhunjọ ara rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń lò ó nìyí. Ayafọ́tò á wọn apá kan péré nínú ohun tó ń wò, ká ní òjìji abẹ́ àpáta kan. Mítà á sọ iye ìmọ́lẹ̀ tó máa gbé e dé ìpele karùn-ún. Ayafọ́tò kò fẹ́ kí òjìji di eérú. Ìpele kẹta ló fẹ́. Á dín ìmọ́lẹ̀ kù lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ló máa wọn ìkùukùu láti mọ ibi tó máa bọ́ sí. Bó bá ga jù, tó fẹ́ di funfun lásán, á dín iye ìṣẹ́jú tó máa fi fọ fíìmù náà kù, torí pé fífọ̀ díẹ̀ kì í ṣe òjìji ní nǹkan kan tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń fa funfun wálẹ̀. Bí ọjọ́ náà bá ṣú, tí dúdú àti funfun ò jìnnà síra, á fọ̀ ọ́ pẹ́ kí wọ́n lè ya ara wọn. Ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ èyí lè dẹ́rù ba ẹni tí kò fẹ́ràn ìṣirò. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ló wà nídìí rẹ̀: báwo lo ṣe fẹ́ kí èyí dúdú tó?

Kò pẹ́ tí Adams fi rí ìdánwò rẹ̀. Ní 1941, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ilẹ̀ àti ọgbà orílẹ̀-èdè gbé iṣẹ́ fọ́tò fún un, ó sì ń wakọ̀ káàkiri apá ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà pẹ̀lú Michael, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ọlọ́dún mẹ́jọ, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Cedric Wright. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí iṣẹ́ kò ti lọ bó ṣe fẹ́, wọ́n ń padà sí Santa Fe ní ìpínlẹ̀ New Mexico nígbà tí wọ́n kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ abúlé Hernandez. Òṣùpá ti yọ sókè àwọn òkè oníyìnyín lápá ìlà-oòrùn. Oòrùn tó ń lọ wọ̀ ṣì kan àwọn àgbélébùú funfun inú itẹ́ òkú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Adams já ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó ń pariwo pé kí àwọn yòókù bá òun gbé tibí, kí wọ́n bá òun gbé tọ̀hún. Kámẹ́rà ńlá gòkè, fíltà yẹ́lò tó ki wọlé, lẹ́ńsì wà níbi tó yẹ. Mítà nìkan ni wọn ò rí.

Ó rántí nǹkan kan: ìmọ́lẹ̀ ojú òṣùpá tó nǹkan bí ìwọ̀n àbẹ́là 250 fún ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú-lóòró. Ó fi òṣùpá sí ìpele keje, kó mọ́lẹ̀ ṣùgbọ́n kí ojú rẹ̀ ṣì hàn. Bí 250 bá wà ní ìpele keje, nǹkan bí 60 ló máa wà ní ìkarùn-ún. Fún irú fíìmù tó wà nínú kámẹ́rà, èyí jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́ta ìṣẹ́jú àáyá bí ihò lẹ́ńsì bá wà ní f/8. Fíltà ń béèrè ìlọ́po mẹ́ta, ó di ìdá kan nínú ogún. Ó fẹ́ kí ohun gbogbo hàn ketekete láti orí koríko iwájú títí dé òkè ẹ̀yìn, nítorí náà ó fún ihò lẹ́ńsì pọ̀ títí dé f/32, níbi tí ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé ti jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún ti f/8. Ìṣẹ́jú àáyá kan, ó tẹ̀ ẹ́. Ó yí ohun èlò fíìmù padà láti ya ẹ̀ẹ̀kejì, oòrùn sì kúrò lára àwọn àgbélébùú náà. Ẹyọ kan ṣoṣo ló rí yà.

Ohun tí èyí lè kọ́ ẹnikẹ́ni tó ní fóònù pọ̀. Òṣùpá kò ní ìmọ́lẹ̀ tara rẹ̀. Oòrùn ló ń tàn sí i lára, nítorí náà ó mọ́lẹ̀ bí òkúta tó wà nínú oòrùn ọ̀sán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé alẹ́ ti lẹ́ lọ́dọ̀ tiwa. Mítà fóònù rí òkùnkùn tó yí i ká, ó fi ìmọ́lẹ̀ kún un, òṣùpá sì di àmì funfun roboto tí kò ní ojú. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí òṣùpá bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, tó yọ kí oòrùn tó wọ̀, ni ilẹ̀ àti òṣùpá máa ń sún mọ́ra tó láti bá ara wọn wọ inú fọ́tò kan.

Adams kì í kọ ọjọ́ tó ya fọ́tò sílẹ̀ dáadáa. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọdún tó ń sọ fún Moonrise, Hernandez, New Mexico, bí wọ́n ṣe ń pe fọ́tò náà, títí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ fi bá a wá a nípa ibi tí òṣùpá wà nínú àwòrán. David Elmore kọ́kọ́ ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá ọdún 1941 ni. Ní 1991, Dennis di Cicco tún un ṣírò, ó sì bá a dé ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá, ní nǹkan bí aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá.

Nẹ́gátíìfù náà, ìyẹn fíìmù tí wọ́n ti fọ̀ tí wọ́n ń tẹ fọ́tò láti ara rẹ̀, kò rọrùn. Òkè rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ilẹ̀ iwájú kò gba ìmọ́lẹ̀ tó. Ní 1948, Adams fi oògùn kan ró apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ lágbára. Kó tó kú ní 1984, ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ fọ́tò yìí ní ẹ̀dà tó lé ní 1,300. Nínú àwọn tó kọ́kọ́ tẹ̀, ìkùukùu fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ ṣì wà lókè òṣùpá. Bó ṣe ń dàgbà ló ń jẹ́ kí ojú ọ̀run dúdú sí i, títí tí òṣùpá fi dá wà nínú òkùnkùn. Wọ́n ta ẹ̀dà kan ní gbàǹjo ní 2006 lówó tó ju 600,000 dọ́là lọ. Àmọ́ ẹni tó bá fi méjèèjì síwájú lè sọ pé èyí àkọ́kọ́ jọ ìrọ̀lẹ́ ju ìkejì lọ. Kò sí ẹ̀dà tó jẹ́ irọ́ nínú wọn. Adams ti kọ́ dùùrù kó tó yan fọ́tò, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa ń fi nẹ́gátíìfù wé orin tí wọ́n kọ sórí ìwé, tó ń fi títẹ̀ ẹ́ sórí bébà wé lílu orin náà níwájú èrò.

Fún ti yíyan ibi dúró, fọ́tò tó yà nítòsí Lone Pine ní Kalifọ́níà ní 1944 ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ wò. Àárọ̀ kùtù mẹ́rin tẹ̀ lé ara wọn ni Adams lọ síbẹ̀ láti ya oòrùn bó ṣe ń kan orí àwọn òkè Sierra Nevada, tí kò rí i yà. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó to kámẹ́rà sórí pákó tó kàn mọ́ òkè ọkọ̀ rẹ̀, ó sì wọ inú ọkọ̀ lọ bá Virginia àti kọfí gbígbóná. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ dé, àwòrán náà ti pín ara rẹ̀: òkè oníyìnyín tó ń tàn lókè pátápátá, òkè kékeré tó dúdú bí aró ní àárín, ìlà igi kan àti pápá tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ́nà dé nísàlẹ̀. Ẹṣin kan ń jẹko nínú pápá náà, ó sì kẹ́yìn sí kámẹ́rà. Ó dúró. Ìmọ́lẹ̀ ń yí lọ. Nígbà tó kù díẹ̀ kó bọ́, ẹṣin náà yí ẹ̀gbẹ́ sí i, ó yà á.

Ẹṣin yẹn kéré púpọ̀ nínú fọ́tò náà. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ìka bò ó, òkè náà kò tóbi mọ́, nítorí pé kò sí ohun tí ojú lè fi wọ̀n ọ́n. Ẹ̀yìn ẹṣin ì bá sì jẹ́ àmì dúdú kan lásán tí ẹnikẹ́ni kò ní mọ ohun tó jẹ́. Nínú fọ́tò tí kò ní àwọ̀, ìrísí nìkan ni nǹkan fi ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà nípa fọ́tò yìí tí àwọn kan kò fi gbà fún Adams. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama Lone Pine ti fi òkúta funfun kọ lẹ́tà L àti P ràgàjì sára òkè àárín. Adams pa á rẹ́ kúrò. Ó ní òun kò rí ìdí tí òun fi máa bá wọn tọ́jú àpá náà. Òun yìí kan náà ló sì wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ f/64 sílẹ̀ ní 1932 pẹ̀lú Edward Weston àti Imogen Cunningham, ẹgbẹ́ tó ń jà fún fọ́tò tó mọ́ gaara tí wọn kò fi ọgbọ́n àwòrán kíkùn bà jẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Bí ojú ọ̀run búlúù bá lè di dúdú, lẹ́tà méjì kò tó ẹjọ́.

Kámẹ́rà tó ń lò nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ tún ní àǹfààní kan tí fóònù kò ní. Ayafọ́tò á bo orí rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ dúdú, á máa wo dígí ẹ̀yìn kámẹ́rà, orí òkè sì wà nísàlẹ̀ nínú dígí náà, ọ̀tún ti di òsì. Ó kọ́kọ́ máa ń nira fún akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tó bá yá, wọ́n á rí i pé ohun tó dorí kodò kò jẹ́ òkè mọ́, ó ti di ibi dúdú àti ibi funfun, wọ́n á sì mọ̀ bóyá wọ́n dọ́gba. Ẹni tí kò ní irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ lè dá ihò onígun mẹ́rin sí àárín káàdì kan bí Adams ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, kó gbé e síwájú ojú kan, kó máa sún un mọ́ra, kó máa sún un jìnnà, kó tó yọ kámẹ́rà rárá. Kó fún ojú pọ̀ díẹ̀ pẹ̀lú. Àwọ̀ á rẹ̀ sílẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á kù.

Yíya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun kò mọ sórí òkè. J.D. 'Okhai Ojeikere, ọmọ Emai nílẹ̀ Edo tó lo ọ̀pọ̀ ọdún ní Èkó, fi irun dídì obìnrin Nàìjíríà ṣe iṣẹ́ kan náà, ó yà á ní dúdú-òun-funfun tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún: irun dúdú níwájú ara ògiri tó mọ́lẹ̀, kí ojú lè ka ìdì kọ̀ọ̀kan. Brownie, kámẹ́rà olówó pọ́ọ́kú, ni Ojeikere fi bẹ̀rẹ̀ ní 1950. Brownie náà ni àwọn òbí Adams fún un nígbà tó kọ́kọ́ rí Yosemite ní ọmọ ọdún 14, ní 1916.

Ohun kan ti yí padà pátápátá láti ìgbà fíìmù, ó sì yẹ kí ẹni tó ń ka ìwé Adams fi sọ́kàn. Lára fíìmù, òjìji tí kò gba ìmọ́lẹ̀ tó kò ṣeé tún ṣe, nítorí náà òjìji ni wọ́n ń kọ́kọ́ bójú tó. Kámẹ́rà ìgbàlódé àti fóònù kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú tiwọn, funfun ni kò ṣeé tún ṣe: ìkùukùu tó bá ti kọjá ibi tí fóònù lè kà, kò sí bọ́tìnì tó máa dá a padà, nígbà tí òjìji ṣì ṣeé fà sókè díẹ̀. Ẹ fi ìka tẹ ìkùukùu tó mọ́lẹ̀ jù lójú fóònù, ẹ fa ìmọ́lẹ̀ wálẹ̀ títí ara rẹ̀ fi hàn, kí ẹ tó yà á. Àwòrán náà á kọ́kọ́ dúdú lójú yín. Ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín.

Fíltà pàápàá ti wọ inú kọ̀ǹpútà lọ. Ẹni tó bá tọ́jú fọ́tò rẹ̀ ní RAW, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe rí i gan-an láìtún un ṣe, lè sọ ọ́ di dúdú-òun-funfun lẹ́yìn náà, kó sì pinnu níbẹ̀ bóyá kí pupa mọ́lẹ̀ tàbí kí àwọ̀ ewé mọ́lẹ̀. Ìrọ̀rùn rẹ̀ pọ̀. Ewu ibẹ̀ ni pé ó ń jẹ́ kí èèyàn sún ìpinnu síwájú títí kò fi ní pinnu rárá.

Nílẹ̀ Yorùbá, ọyẹ́ ni kò gba gbẹ̀rẹ́. Ọ̀pọ̀ ìwé sọ pé fíltà pupa ń la ìkùukùu ọ̀nà jíjìn já. Òótọ́ ni bó bá jẹ́ èyí tó ní àwọ̀ búlúù, tí afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ń fà, torí pé búlúù ló pọ̀ nínú rẹ̀, pupa sì ń dí i. Eruku ni ti ọyẹ́, eruku aṣálẹ̀ Sàhárà, ó sì tóbi ju kí àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ kan yè é lọ. Gbogbo rẹ̀ ló ń dà rú. Fíltà kò ní ràn án. Dípò kí ayafọ́tò bá a jà, kó lò ó. Láti orí òkè ní Ìdànrè nígbà ọyẹ́, òkè tó sún mọ́ni dúdú, èyí tó tẹ̀ lé e di eérú, èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́ sínú òfuurufú. Àtẹ̀gùn Adams ti to ara rẹ̀ síbẹ̀. Ohun tó kù ni kí èèyàn wá ohun dúdú kan fi síwájú, igi tàbí etí àpáta.

Ẹni tó bá fẹ́ dán fíltà wò, kó dúró de ìgbà òjò. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé òjò ńlá, nígbà tí òjò ti fọ afẹ́fẹ́, tí ìkùukùu funfun wà káàkiri òfuurufú búlúù, kó lọ sí Òkè Àrẹ̀ n'Ìbàdàn, kí oòrùn wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó má wà lẹ́yìn rẹ̀. Kó ya òrùlé, igi àti òfuurufú pọ̀ nínú fọ́tò kan ní RAW. Nígbà tó bá délé, kó sọ ọ́ di dúdú-òun-funfun lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan kí pupa mọ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan kí àwọ̀ ewé mọ́lẹ̀, kó sì fi méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Bí òfuurufú inú wọn bá jọra, a jẹ́ pé òfuurufú ọjọ́ yẹn kò ní búlúù tó tó. Kó padà lọ lọ́jọ́ mìíràn.